Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Fáìlì Láìtàsé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ń fi ọwọ́ ṣe ní ọ́físì ní ìgbà àtijọ́ ni ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí láìsí ẹni tí ó jókòó tì í. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣọ́ fáìlì. Ètò náà a máa wà lójúfò ní ẹ̀gbẹ́ fódà kan. Bí fáìlì tuntun bá wọ inú fódà náà, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àtúnṣe sí èyí tí ó ti wà níbẹ̀, yóò mú un, yóò kà á, yóò sì ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe sí i. Ọ̀nà yìí ni àkọsílẹ̀ owó ń gbà kọjá láti ẹ̀ka ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ọ̀nà yìí náà ni ètò tí ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ń gbà mọ fáìlì tí ó yẹ kí òun tún dà kọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́físì owó ìfẹ̀yìntì ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ẹ̀ka 30 ni ó ń fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ sí olú ọ́físì ní oṣooṣù, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń fi fáìlì tirẹ̀ sínú fódà kan náà. Bí ètò tí ń ṣọ́ fódà náà bá mú fáìlì 29, tí ó sì fo ọ̀kan, kò sí ariwo kankan tí yóò sọ. Kọ̀ǹpútà kò ní kú, bẹ́ẹ̀ ni iná pupa kankan kò ní tàn. Ìgbà tí oṣù bá parí, tí bàbá arúgbó kan wọ ọkọ̀ dé ilé ìfowópamọ́, tí wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò rí orúkọ rẹ̀, ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ẹni tí kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá tú àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ètò aṣọ́fáìlì palẹ̀, a óò rí i pé orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ẹni tí ó kọ ètò náà gba ìròyìn pé fáìlì ti yí padà, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ìròyìn náà, kò lọ wo fáìlì fúnra rẹ̀.

ỌDẸ ÀTI ÌRÁNṢẸ́

Ọ̀nà méjì ni ètò kọ̀ǹpútà ń gbà ṣọ́ fáìlì. Ọ̀nà kìíní ni kí ó máa lọ wo fódà náà léraléra, bí ọdẹ tí ń rìn yí àgbàlá ká lóru. Bí ó bá dé ibẹ̀, yóò ka orúkọ fáìlì gbogbo, yóò wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó àti ìgbà tí a fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, yóò sì fi wọ́n wé ohun tí ó bá níbẹ̀ nígbà tí ó wá kẹ́yìn. Ọ̀nà yìí kò yára, ó sì ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà bí fáìlì bá ti pọ̀ púpọ̀. Ó tún ní àléébù kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: àmì àkókò tí a ń fi sára fáìlì kì í péye bákan náà níbi gbogbo. Lórí fláàṣì tí a tò ní ìlànà FAT, ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì ni àmì yìí ń fò. Bí ọdẹ bá ti wo fáìlì kan tán, tí a sì tún un ṣe kí ìṣẹ́jú àáyá méjì náà tó pé, tí kò tóbi sí i tí kò sì dínkù, ọdẹ yóò kọjá lára rẹ̀ láìfura nígbà tí ó bá padà wá.

Ọ̀nà kejì ni ti ìránṣẹ́. Ètò àgbà tí ń darí kọ̀ǹpútà, irú bíi Linux tàbí Windows, ni gbogbo fáìlì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, òun ni a lè bẹ̀ pé kí ó fi tó wa létí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lórí Linux, dnotify ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 2001. Inotify, tí John McCutchan àti Robert Love kọ, ni ó gba ipò rẹ̀ nígbà tí Linux 2.6.13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Lórí Windows, ReadDirectoryChangesW ni a ń lò. Apple sì gbé FSEvents kalẹ̀ fún gbogbo àwọn òǹkọ̀wé ètò ní ọdún 2007. Ọ̀nà ìránṣẹ́ yìí yára gidigidi, kò sì ná kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan nígbà tí kò bá sí ìròyìn. Ó wu àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn fi lé ọdẹ lọ sílé pátápátá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ÀPÓTÍ BÁ KÚN

Ìròyìn tí ètò àgbà ń mú wá kì í bọ́ sí ọwọ́ ètò aṣọ́fáìlì tààrà. Inú àpótí kan ni ó ń kó sí títí ètò náà yóò fi wá kó o. Àpótí yìí ní ìwọ̀n. Lórí Linux, ìròyìn 16,384 ni ó ń gbà bí alákòóso kọ̀ǹpútà kò bá fẹ̀ ẹ́. Lórí Windows, FileSystemWatcher tí ọ̀pọ̀ ètò ọ́físì ń lò ní àpótí tí kò ju báìtì 8,192 lọ bí a kò bá fi kún un, orúkọ fáìlì sì ń jẹ àyè níbẹ̀, báìtì méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ àwọn fáìlì bá gùn tó lẹ́tà 40, ìròyìn tí kò tó 100 ni yóò kún àpótí náà dé ẹnu. Fáìlì kan ṣoṣo tí a dà wọlé sì lè mú ju ìròyìn kan lọ wá: ọ̀kan pé a ti dá a, ọ̀kan tàbí méjì pé a ti kọ nǹkan sí i.

Bí àpótí bá kún, ìròyìn tí ó kù a ṣòfò. Ètò àgbà kò fi èyí pamọ́. Linux yóò fi ìròyìn àkànṣe kan ránṣẹ́ pé àpótí ti kún, àṣìṣe ni ti Windows yóò sì gbé jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè sọ kò ju pé nǹkan ti sọnù lọ. Kò lè sọ ohun náà gan-an tí ó sọnù. Ọ̀pọ̀ ètò ni kò tilẹ̀ ṣí etí sí ìkìlọ̀ yìí, nítorí pé ní ọjọ́ tí a ń dán wọn wò, fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni a fi dán wọn wò.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Nígbà tí ìkìlọ̀ yìí bá dé, kí ètò náà gbàgbé gbogbo ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dìde lọ ka fódà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Watchman ń ṣe, èyí tí ilé iṣẹ́ Facebook gbé síta fún lílò gbogbo ènìyàn ní ọdún 2013. A sì lè dín bí àpótí ṣe ń kún kù. Kí ẹni tí ń kó ìròyìn má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kí ó kàn máa kó o, kí ó máa tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹlòmíràn máa ka fáìlì. Akọ̀wé tí ó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà, tí ó tún fẹ́ dáhùn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó gba èkejì, yóò jẹ́ kí èrò tò dé títì.

ÀLÀFO TÍ FÁÌLÌ Ń BỌ́ SÍ

Àléébù mìíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àpótí rárá. Ọ̀pọ̀ ètò, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, a kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nínú fódà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ ètò àgbà pé kí ó máa mú ìròyìn wá. Fáìlì tí ó bá wọlé láàárín ìgbà méjèèjì yìí kò sí nínú kíkà, kò sì sí nínú ìròyìn. Kí a yí i padà: kí a kọ́kọ́ rán ìránṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, kí a tó kà. Lóòótọ́, fáìlì kan lè fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n rírí lẹ́ẹ̀mejì sàn ju àìrí lọ, a ó sì sọ bí a ṣe ń bójú tó o níwájú.

Irú àlàfo yìí kan náà wà nínú fódà tí ó bá wà nínú fódà. Inotify kì í wo inú àwọn fódà kéékèèké. Fódà tí a bá fi hàn án nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹ̀ka kan bá dá fódà tuntun sílẹ̀ tí ó sì ju fáìlì sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìròyìn fódà yóò dé, ètò yóò dìde láti lọ fi ìránṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ti wọlé kí ó tó dé. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti fi ìránṣẹ́ sínú fódà tuntun, a gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀ lójú ara wa. Iye fódà tí a lè ṣọ́ pẹ̀lú ní òpin. Fún ọdún púpọ̀, 8,192 ni Linux ń fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti Linux 5.11 ti ọdún 2021 ni ó ti ń fi bí ìrántí kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ tó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì lè dé 1,048,576. Ètò tí ó bá kọjá òpin yìí yóò gba èsì pé kò sí àyè mọ́. Bí kò bá ka èsì náà, yóò máa rò pé òun ń ṣọ́ ibi tí òun kò ṣọ́.

FÁÌLÌ TÍ KÒ TÍÌ PÉ

Nínú gbogbo ìṣòro wọ̀nyí, ti fáìlì tí kò tíì pé ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Ìròyìn pé a ti dá fáìlì sílẹ̀ a máa dé ní kété tí orúkọ rẹ̀ bá yọ nínú fódà. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó wọlé tán. Ètò tí ó bá fi ìwàǹwára ṣí i lè bá orúkọ 400 níbi tí ẹ̀ka ti kọ 1,000. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ibi tí ó gé sí bá jẹ́ òpin ìlà, fáìlì náà yóò dà bí èyí tí ó pé. Ètò yóò gbà á, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, orúkọ 600 yóò sì ṣègbé.

Àwọn kan a máa sọ fún ètò wọn pé kí ó sùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lẹ́yìn tí ìròyìn bá dé. Èyí kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Àbá lásán ni, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì wúwo ni yóò dójú tini. Ó sàn díẹ̀ kí a máa wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó títí yóò fi dúró sójú kan. Chokidar, tí ọ̀pọ̀ ètò Node.js ń lò, lè ṣe èyí bí a bá ní kí ó ṣe é: yóò dúró títí fáìlì yóò fi lo ìṣẹ́jú àáyá méjì láìyí padà. Lórí Linux, ìròyìn kan tún wà tí ń sọ pé ẹni tí ń kọ fáìlì ti pa á dé. Ó dára púpọ̀ ju ìròyìn ìdásílẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ ní agbedeméjì lè mú kí a pa fáìlì dé bákan náà.

Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí olùránṣẹ́ àti olùgbà jọ ṣe àdéhùn. Kí olùránṣẹ́ fi orúkọ ìgbà díẹ̀ kọ fáìlì náà, orúkọ tí ètò aṣọ́fáìlì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn; nígbà tí ó bá kọ ọ́ tán pátápátá, kí ó wá yí orúkọ náà padà sí orúkọ gidi. Lórí dísìkì kan náà, ìyípadà orúkọ a máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè bá fáìlì náà ní ìlàjì. Kí a kíyè sí gbólóhùn náà, lórí dísìkì kan náà, nítorí pé gbígbé fáìlì láti dísìkì kan sí òmíràn jẹ́ dídà kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó tilẹ̀ dà bí ìyípadà orúkọ lójú ẹni tí ń wò ó. Bí àdéhùn náà bá tún lè gbà pé kí ìlà tí ó kẹ́yìn fáìlì sọ iye orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀, olùgbà yóò lè kà á fúnra rẹ̀ kí ó tó gbà á.

Ọgbọ́n ìyípadà orúkọ yìí kan náà a máa dá ẹlòmíràn láàmú, èyíinì ni ẹni tí ó ń ṣọ́ fáìlì kan ṣoṣo, bíi fáìlì tí a kọ ìlànà ètò sí. Lórí Linux, orúkọ fáìlì àti fáìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Orúkọ dà bí àkọlé tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Ara ilé ni ìránṣẹ́ inotify ń so mọ́, kì í ṣe ara àkọlé. Àwọn ètò ìkọ̀wé kan, Vim pẹ̀lú bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀, a máa kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a sì ṣí àkọlé kúrò lára ti àtijọ́ kàn án mọ́ ti tuntun. Ìránṣẹ́ wa yóò ṣì máa ṣọ́ ahoro. Nígbà tí ẹ bá rí ètò tí ó gbọ́ àtúnṣe àkọ́kọ́ dáadáa tí kò sì gbọ́ èyíkéyìí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fódà ni kí a máa ṣọ́, kí a sì fi orúkọ ṣa fáìlì tí a fẹ́ nínú ìròyìn tí ó bá wá.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ÀTI ÀYẸ̀WÒ ÀTÌGBÀDÉGBÀ

Fódà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti ìdí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yí fáìlì padà lórí NFS, inotify kò ní gbúròó rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá gba ọwọ́ ètò àgbà tirẹ̀ kọjá nìkan ni ó mọ̀. Níbẹ̀, ọdẹ nìkan ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni inotify kò mọ ohunkóhun nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò wa kú tàbí tí iná lọ. Àwọn mìíràn wà tí ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ pa mọ́ sórí dísìkì: FSEvents ń ṣe é, Windows sì ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún dísìkì NTFS láti Windows 2000. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé Windows náà ní ìwọ̀n, ó sì ń pa èyí tí ó pẹ́ jù rẹ́. FSEvents pàápàá ní àmì kan tí ó fi ń sọ fún ètò pé kí ó lọ tún fódà náà kà fúnra rẹ̀.

Fún ìdí yìí, a rò pé kò yẹ kí a lé ọdẹ lọ sílé. Kí ìránṣẹ́ máa mú ìròyìn wá kí iṣẹ́ lè yá. Kí ọdẹ sì máa yí fódà po ní wákàtí wákàtí, àti nígbàkígbà tí ètò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, láti wá ohun tí ìránṣẹ́ gbójú fò. Ohun tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ètò náà gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́: orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ó ti ṣiṣẹ́ lé lórí, bí ó ti tóbi tó, àmì àkókò rẹ̀, àti ìtẹ̀ka rẹ̀. Ìtẹ̀ka ni nọ́ńbà gígùn tí a ń ṣírò láti inú gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì; SHA-256 jẹ́ ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀. Bí lẹ́tà kan péré bá yí padà nínú fáìlì, ìtẹ̀ka rẹ̀ yóò yàtọ̀. Fáìlì tí ó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìtẹ̀ka kan náà, ètò yóò mọ̀ pé òun ti ṣe é, kò sì ní san owó ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì.

A kò ní kí gbogbo ọ́físì wá ìránṣẹ́ o. Ọ́físì tí ó ń gba igba fáìlì lóòjọ́ kò nílò rẹ̀ rárá; ọdẹ tí ń wo fódà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú tó o, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, tàbí iṣẹ́ tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú kan, ni ó ń mú kí ìránṣẹ́ di dandan.

Ẹni tí ń ṣọ́ fáìlì pẹ̀lú nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí a máa ju fáìlì ìdánwò kékeré kan sínú fódà ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan; bí ètò kò bá kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ̀gá ọ́físì gba ìkìlọ̀ lórí fóònù rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ètò yìí fún ọ́físì rẹ̀ kò nílò láti mọ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́ kí ó tó dán an wò. Kí ó ní kí wọ́n pa ètò náà, kí wọ́n fi fáìlì mẹ́wàá sínú fódà, kí wọ́n sì tún un tàn. Kí wọ́n da fáìlì 20,000 sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n dá fódà tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n sì kó fáìlì sínú rẹ̀ kíákíá. Kí wọ́n fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ nígbà tí fáìlì ńlá kan ń wọlé lọ́wọ́, kí wọ́n tó dá a padà. Lẹ́yìn èyí, kí ó ka iye fáìlì tí ó pé nínú fódà, kí ó sì ka iye tí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ó dá ètò náà padà fún ẹni tí ó kọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.